Kásẹ́ẹ̀tì Abẹ́ Àga

Òtútù yìí kì í ṣe èyí tí à ń fi aṣọ kan lé lọ.
Detroit ni, oṣù kejì ọdún,
yìnyín ti sọ gbogbo mọ́tò àdúgbò di òkìtì kan náà,
Odell sì ń fi káàdì báńkì tí kò wúlò mọ́
ha ojú gíláàsì, ó ń ha á, ó ń kùn.
Àwọn ọmọ àbúrò rẹ̀ méjèèjì ti jókòó sínú mọ́tò:
Rashonda, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ó fi fìlà bo etí;
Tevin, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jó lábẹ́ àga.

Rédíò ti gbé orin kan náà lẹ́ẹ̀mẹta
kí wọ́n tó dé òpópónà Gratiot.
Ẹ̀gbà ọrùn, mọ́tò, ẹ̀gbà ọrùn, owó,
ìlù rẹ̀ ń ró gbì-gbì bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn
tí kò ní iṣẹ́ kankan tó fẹ́ jẹ́ fún onílé.
"Ó dùn," ni Odell wí. "Èmi náà ń mirí sí i.
Ṣùgbọ́n kí ló sọ?"
Tevin ronú. Ó tún ronú.
"Ó ní òun lówó."
"Ó ti sọ ọ́ lánàá."

Ó na ọwọ́ sábẹ́ àga,
ó kan ife ìwé, ó kan ìbọ̀wọ́ tí kò ní ìkejì,
ó kan ohun tó ń wá:
kásẹ́ẹ̀tì, ìdérí rẹ̀ ti sán,
bírò pupa ni wọ́n fi kọ "Marvella" sí i lára.
Mọ́tò náà gbó tó láti gbé e mì.

Kò sí fèrè, kò sí ariwo ìbẹ̀rẹ̀.
Ìlù tín-ín-rín bí omi tó ń kán sínú bàsíà,
lẹ́yìn náà, ohùn obìnrin kan
bí ẹni tó tibi iṣẹ́ òru dé tí kò tíì bọ́ bàtà:

"Ọwọ́ ni ìyá mi fi ń po ìyẹ̀fun, owó kò lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́.
Ẹ ní búrẹ́dì ń wú. Ẹsẹ̀ ìyá mi náà ń wú.
Èwo nínú méjèèjì lẹ gbé sórí tábìlì?"

"Ráàpù náà lèyí?" ni Tevin wí. "Ibo la ti máa jó níbẹ̀?"
"Dákẹ́." Rashonda ti ṣí etí.
"Wú yẹn. Ó lò ó lẹ́ẹ̀mejì."
"Ẹ̀ẹ̀mẹta," ni Odell wí, "ẹ̀kẹta ń bọ̀,"
ojú rẹ̀ tàn bí ti ẹni tí wọ́n san gbèsè fún.

Ibi tí ẹ̀kẹta ti ń bọ̀ ni ẹ̀rọ ti jẹ tẹ́ẹ̀pù.
Ohùn Marvella lọ́, ó fà, ó di ti ọkùnrin, ó kú.
Odell yà sí ẹ̀gbẹ́ ilé epo,
ó ń yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọ,
ó gba pẹ́ńsùlù Rashonda,
ó kì í bọ ihò, ó ń yí i, ó ń yí i.
Tẹ́ẹ̀pù ti já.

Nígbà náà ló fi ẹnu ara rẹ̀ mú un,
ọkùnrin tó ń tún ẹ̀rọ ìfọṣọ ṣe, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta,
ó ń fi ìka lu sítíárìn:
"Wọ́n ní kí orí mi wú, mo jogún iṣẹ́ ìyá mi..."
Ó dúró. Ó tún un bẹ̀rẹ̀. Ìlà tó kù ti fò lọ.

Èémí wọn ń rú bí èéfín.
Rashonda ní, wẹ́rẹ́, bí ẹni ń bá fèrèsé sọ̀rọ̀:
"Ó ti wú. Ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe búrẹ́dì,
ẹ gbé ọ̀bẹ yín kúrò."

Odell wò ó títí.
"Kì í ṣe ohun tó sọ nìyẹn."
"Kí ló sọ?"
"N ò rántí. Ṣùgbọ́n tó bá gbọ́ tìẹ, á jí i."

"Ṣé ó ti kú ni?" ni Tevin bi í.
"Marvella? Ó ń wa bọ́ọ̀sì ní Toledo.
Igba kásẹ́ẹ̀tì ló ṣe, inú báàgì ló ti ń tà á."

Mọ́tò gbéra. Tevin tan rédíò,
orin ẹ̀gbà ọrùn dé lẹ́ẹ̀kẹrin, kò sẹ́ni tó pa á.
Ẹ̀yìn ìwé ìṣirò ni Rashonda ń kọ nǹkan sí.
"Kí ló tún máa ń wú?"
"Ìrẹsì," ni Tevin wí, kò dá ijó dúró.
"Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí eyín ń dùn," ni Odell wí.
Ó kọ méjèèjì sílẹ̀,
ó fa ìlà pa ọ̀kan.